Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Gígùn Ọkọ̀ àti Ọgbà Ọkọ̀ nínú Ìtàn Ìrìnnà, láti Tíráàmù Èkó dé Ojú Pópó Àkókó

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn bá ń kọ nípa ìrìnnà ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú: ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, ìgbà tí bọ́lẹ̀kájà gbòde, ìgbà tí mólúè wọlé sí Èkó. Ibi tí ọkọ̀ ń sùn kì í sábà ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé gígùn ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ irin tí ó ń tẹ̀, afárá tí ó ń gùn, ìgbọ̀nwọ́ òpópónà tí ó ń yí gbà, àti ọgbà tí ó ń padà sí lálẹ́ ni. Ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò bá ti lè fẹ̀ sí i, ọkọ̀ náà ni yóò kógbá sílé. Èkó ni ẹ̀rí rẹ̀ ti hàn jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni tíráàmù ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan Àrìgìdì, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó pẹ̀lú, níbi tí ojú irin kò dé rí.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ kan ṣe kedere kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ọgbà ọkọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe gáréèjì tí èrò ti ń wọkọ̀. Ọgbà tí àwọn ọkọ̀ ìlú ń padà sí lálẹ́ ni, níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ wọ́n, tí wọ́n ti ń yẹ ìjánu àti ẹsẹ̀ wọn wò, tí àwọn mẹ́káníìkì sì ti ń wọ inú kòtò lábẹ́ wọn láti tún wọn ṣe. Gígùn ọkọ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà bẹ́ẹ̀: òrùlé, kòtò, àti àlàfo tó wà láàárín ibi tí irin ti pín sí méjì àti ibi tí ògiri bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ mítà 24 yóò wọ ilé mítà 30 láìsí wàhálà. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ mítà 33 wọ inú ilé kan náà, ìrù rẹ̀ yóò kù síta, yóò sì dí irin tí ọkọ̀ mìíràn ní láti gbà kọjá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó gùn ju ilé rẹ̀ lọ lè sọ gbogbo ọgbà di títì pa ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí èrò ń dúró de ọkọ̀.

Kì í ṣe àròsọ. Ní 1999 ni ọ̀nà tíráàmù kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Birmingham àti Wolverhampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọgbà rẹ̀ wà ní Wednesbury láàárín ìlú méjèèjì. Àwọn tíráàmù ìgbà náà gùn ní nǹkan bí mítà 24. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà náà wọ àárín ìgboro Birmingham gan-an, kí ó sì lè kó èrò púpọ̀ sí i. Wọ́n ra tíráàmù tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ CAF ti ilẹ̀ Spéènì, èyí tí ó gùn ní nǹkan bí mítà 33, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014. Wọ́n ní láti mú ọgbà Wednesbury tóbi sí i kí ó tó lè gba àwọn àlejò wọ̀nyí. Ní Dublin, olú-ìlú Ireland, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ àwọn tíráàmù ọ̀nà kan di mítà 55: ọgbà Sandyford ní láti fẹ̀, pèpéle tí èrò ń dúró sí náà sì ní láti gùn. Àwọn ìlú wọ̀nyí ní ilẹ̀ láti fi kún ilẹ̀, wọ́n sì ní owó láti fi kún owó. Ìtàn ti Èkó gba ọ̀nà mìíràn.

Tíráàmù Èkó, 1902 sí 1933

Ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ó di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Ìddó kì í ṣe Èkó gan-an. Erékùṣù ni Èkó, ọ̀sà ló sì wà láàárín rẹ̀ àti Ìddó. Ní 1901 kan náà ni wọ́n ṣí Afárá Carter, tí wọ́n fi sọrí Gómìnà Gilbert Carter. Ní 1902, tíráàmù tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Ìddó, ó ń gba orí afárá náà kọjá, ó ń wọ inú Erékùṣù, títí dé agbègbè Marina níbi tí ilé-iṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù àti àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó wà. Èrò tó bá ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta bọ̀ kò ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́ kí ó tó dé ọjà Èkó.

Nọ́ńbà méjì péré ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mú dání nípa tíráàmù yìí. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì rélùweè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6. Ti tíráàmù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun ni ó pinnu ohun gbogbo. Kóòṣì tàbí wágùnù tó bá gbé èkùrọ́, epo pupa tàbí kòkó wá láti òkè kò lè tẹ irin tíráàmù. Ìddó ni ìrìn rẹ̀ parí sí. Ibẹ̀ ni èrò yóò ti sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn alááàrù yóò ti kó ẹrù láti inú ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun èlò àtúnṣe kò lè jẹ́ ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ ńlá rélùweè wà ní Èbúté Mẹ́tta, ní ibi tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Lóko títí di òní, ṣùgbọ́n ìwọ̀n irin rélùweè ni wọ́n fi kọ́ ọ. Tíráàmù tó wà ní ìtòsí rẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ibẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi yan irin tóóró? Irin tóóró kò gbówó lórí bí èyí tó fẹ̀, ó sì lè yí ní ìgbọ̀nwọ́ òpópónà tí ọkọ̀ ńlá kò ti lè yí. Òpópónà Erékùṣù Èkó kò fẹ̀. Agboolé ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn náà ni ọ̀nà. Orí afárá náà, ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́rù ni wọ́n jọ ń pín in lò. Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ náà ní 1902 yóò gbà pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Àṣìṣe wọn, bí ó bá jẹ́ àṣìṣe, ni pé wọ́n wo ilé bí ó ti rí lọ́jọ́ náà, wọn kò wo bí ọmọ yóò ti ga tó.

Ọmọ náà sì ń ga níhà kejì ọ̀sà. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ní 1912 ó ti so pọ̀ mọ́ ojú irin tó ń lọ sí Kánò. Ẹrù tó ń dé sí Ìddó kì í ṣe ti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta nìkan mọ́. Ẹ̀pà Kánò ti dara pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń gùn, àwọn wágùnù ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tíráàmù tó yẹ kí ó gba ẹrù náà lọ́wọ́ wọn sì wà bí ó ti wà. Ní nǹkan bí ọdún 1914, wọ́n dá iṣẹ́ èrò rẹ̀ dúró.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé mọ́tò ló pa tíráàmù. Àlàyé náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Mọ́tò tó wà ní Èkó ní 1914 kò pọ̀ rárá, kẹ̀kẹ́ ológeere àti ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú ará ìlú fi ń rìn. Ohun tó sún mọ́ òtítọ́ jù ni pé tíráàmù náà ti dé òpin ibi tí ara rẹ̀ lè nà dé. Kò ṣeé so mọ́ rélùweè, kò ṣeé fi kóòṣì kún, kò sì sí ọ̀nà láti gbòòrò láàárín agboolé àti ọ̀sà. Ẹ̀rí tó lágbára jù fún èrò yìí wà ní Àpápá. Nígbà tí èbúté tuntun parí níbẹ̀ ní 1926, irin oníwọ̀n rélùweè gan-an ni wọ́n fà dé etí omi, tó fi jẹ́ pé wágùnù tó bá ti Kánò bọ̀ lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi láìpààrọ̀ ẹrù lọ́nà. Ohun tí ẹsẹ̀ bàtà kan dí lọ́wọ́ ní Ìddó ni wọ́n tún ṣe ní Àpápá.

Tíráàmù kò tíì kú tán ṣá. Wọ́n ti ń fi irin rẹ̀ kó ẹ̀gbin láti inú ìlú: ohun tí àwọn agbépòó bá kó nínú ilé lóru ni ọkọ̀ náà ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń dà á nù. Iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe títí di 1933. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn fò ó dá, bóyá nítorí ìtìjú. Ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn máa sọ ọ́, kì í ṣe nítorí ẹ̀rín tí yóò fa nínú kíláàsì, bí kò ṣe nítorí ohun tí ó ń fi hàn. Iṣẹ́ agbépòó kò béèrè kóòṣì gígùn, kò béèrè pé kí ọkọ̀ náà so mọ́ rélùweè. Iṣẹ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà ni ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò lè yí padà rí ṣe, ó sì fi nǹkan bí ogún ọdún ṣe é lẹ́yìn tí èrò ti sọ̀ kalẹ̀.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní òkè Ọya, ìjọba la irin oníwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6 láti Sàríà lọ sí Bukuru, nítorí tánganran tí wọ́n ń wà ní ìtòsí Jọ́s. Nígbà tí irin tó fẹ̀ dé Jọ́s gba ọ̀nà mìíràn, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin tóóró sílẹ̀. Wọ́n tì í pa ní 1957.

Ọkọ̀ tí kò rí ilé gbé

Lẹ́yìn tíráàmù, bọ́ọ̀sì ló jogún Èkó. Ilé-iṣẹ́ Zarpas, tí Gíríìkì kan dá sílẹ̀, ṣe é láti 1929 títí di 1958 tí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó fi gbà á. Lẹ́yìn náà ni mólúè àti dáńfó, tí ẹ̀yìn òpópónà jẹ́ ọgbà wọn. Ní 1983, Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ ètò Metroline, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Kò sí ìdí láti pẹ́ níbẹ̀; ìtàn rẹ̀ jẹ́ ti ìṣèlú ju ti ìwọ̀n lọ. Èyí tó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí ni ìtàn ọkọ̀ ojú irin méjì kan tí wọ́n kọ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì wá sí Èkó nígbẹ̀yìn.

Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Wisconsin lábẹ́ Gómìnà Jim Doyle bá ilé-iṣẹ́ Talgo ti ilẹ̀ Spéènì ṣàdéhùn láti ra ọkọ̀ ojú irin méjì. Ìlú Milwaukee ni wọ́n ti kọ́ wọn. Ọkọ̀ Talgo yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú irin tí ará Nàìjíríà mọ̀. Kóòṣì rẹ̀ kúrú, kóòṣì méjì a sì máa pín ẹsẹ̀ kan lò láàárín ara wọn, bí ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì bá gbé ọwọ́ lé èjìká ara wọn. Nítorí náà kò rọrùn láti já wọn sí wẹ́wẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá nílò àtúnṣe, odidi ọkọ̀ náà ni yóò wọ ọgbà, láti orí dé ìrù. Ọgbà tó lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn bí ọkọ̀ náà ti gùn.

Àtúnṣe ọgbà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ìjọba yí padà lẹ́yìn ìdìbò 2010. Gómìnà tuntun, Scott Walker, kò fẹ́ ètò rélùweè tuntun náà, owó ìrànwọ́ tó lé ní $800 mílíọ̀nù tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fún wọn sì lọ sí ibòmíràn. Ní 2012, ìgbìmọ̀ ìnáwó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà kọ̀ láti fi owó sílẹ̀ fún ọgbà àtúnṣe tí ọkọ̀ méjèèjì yóò máa lò. Ọkọ̀ tuntun ti wà nílẹ̀, wọ́n ti kùn ún, ẹnikẹ́ni kò jókòó nínú rẹ̀ rí. Ilé ni kò rí gbé. Ó di ẹjọ́. Ó di ohun tí wọ́n ń gbé pamọ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ti Èkó lọ sí Milwaukee, tí ó sì kéde pé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ra méjèèjì fún ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Red Line.

Ìgbà tó yá ni àwọn ará Èkó rí ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà Blue Line, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí Red Line ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, láti Agbádó dé Oyíńgbò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ìwọ̀n irin àwọn ọ̀nà méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 àti ààbọ̀, ìwọ̀n kan náà tí rélùweè tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn ń lò láti 2021. Irin kan náà sì ni Red Line àti rélùweè Ìbàdàn jọ ń tẹ̀. Ẹni tó bá rántí Ìddó ní 1902 yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gọ́fà, ọkọ̀ ìgboro Èkó àti ọkọ̀ òkè wá di ọmọ ìyá lórí irin.

Àkókó: ọkọ̀ gígùn láìsí irin

Ojú irin kò gba Àkókó kọjá. Èyí tó ti Èkó wá gba Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin lọ. Èyí tó wà ní ìlà oòrùn gba Enúgu àti Mákúrdí. Irin tó sún mọ́ Àkókó jù ni ti Ìtakpè sí Warri, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní 2020, ó sì gba ilẹ̀ Kogí àti Ẹdó kọjá, kò yà sí Ìkàrẹ́. Nítorí náà títì ni ohun gbogbo ń gbà. Kòkó, gẹdú, gààrí, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti símẹ́ńtì, orí títì ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, orí títì kan náà ni wọ́n ń gbà jáde.

Àwọn ọ̀nà Àkókó, láti Ọ̀wọ̀ gba Ọ̀bà àti Àkùngbá lọ sí Ìkàrẹ́, àti láti Ìkàrẹ́ lọ sí Àrìgìdì àti Òkè-Àgbè, jẹ́ ọ̀nà orí òkè. Òkúta ló yí wọn ká. Ní ayé bọ́lẹ̀kájà, lọ́rì onípákó tó ń ná ọ̀nà wọ̀nyí kò gùn ju nǹkan bí mítà mẹ́jọ lọ. Ó lè yí ní ojú ọjà, ó lè dúró sí iwájú ilé onílọ́rì lálẹ́. Ilé onílọ́rì ni ọgbà rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ a sì máa wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Tírélà òde òní gùn tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Àpótí ẹrù tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé nìkan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí mítà 12, kí ènìyàn tó ka orí ọkọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀nà kan náà, òkè kan náà, ìgbọ̀nwọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ibi tí wọ́n ti lè dúró kí awakọ̀ yẹ ìjánu wò kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kò fẹ̀ sí i bí ọkọ̀ ti gùn sí i. Ẹ̀gbẹ́ títì, iwájú ṣọ́ọ̀bù àti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni ó sábà máa ń di ọgbà wọn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ìjánu ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan já ní Àkùngbá, ọkọ̀ náà sì ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìtòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ojú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé yunifásítì náà wá sí Àkùngbá ní 1999, ìlú kékeré ni, títì ọ̀hún sì ti wà kí ó tó dé. Èrò pọ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ títì, ọkọ̀ gùn sí i lórí títì, títì fúnra rẹ̀ wà bí ó ti wà. Awakọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, àwọn mìíràn a sì dá onímọ́tò lẹ́bi. Ẹjọ́ wọn lè tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka ìtàn tíráàmù Èkó yóò béèrè ìbéèrè mìíràn kún un: ìwọ̀n ọkọ̀ wo ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà yìí, ta ni ó sì yẹ kí ó tún un wọ̀n nígbà tí ọkọ̀ yí padà?

Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ni kò nílò àwòrán tíráàmù. Okùn ló nílò. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ na okùn sílẹ̀ lórí pápá ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi èèrú sàmì sí mítà 8, 16, 24 àti 33. Kí wọ́n fi ìgbésẹ̀ wọn rìn ín. Kí wọ́n wá fi okùn kan náà wọn iwájú ilé ẹ̀kọ́ wọn, àti ibi tí tírélà ti máa ń dúró ní Ìkàrẹ́, Àrìgìdì tàbí Ọ̀kà. Kí olùkọ́ dúró tì wọ́n, kí wọ́n má sì ṣe sọ̀ sójú títì. Àwọn àgbà awakọ̀ ṣì wà ní àwọn ìlú wọ̀nyí tí wọ́n wa bọ́lẹ̀kájà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àdúgbò àti ọdún, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé ìjọba.